Bàbá ń pa álààmù oògùn: ṣé áàpù mìíràn ni kí n wá?

Ìbéèrè:

Ẹ̀gbọ́n apòògùn, ẹ kú iṣẹ́ o. Lugbe ni mò ń gbé níbí ní Abuja. Kakuri ní Kaduna ni bàbá mi wà, Mùsùlùmí ni wọ́n, ọmọ ọdún 72 ni wọ́n, ilé iṣẹ́ aṣọ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ náà tó kógbá wọlé. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Oògùn mẹ́ta ni dókítà kọ fún wọn: amlodipine àti Moduretic láàárọ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ríru, metformin láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ìtọ̀ ṣúgà. Gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni mo máa ń wọ reluwé lọ gbé oògùn fún wọn. Mo ra fóònù Android fún wọn, mo sì fi áàpù kan sí i tó ń ké ní aago méje àárọ̀ àti aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí wọ́n á tẹ̀ pé àwọn ti lo oògùn kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní bó bá ti ké báyìí, wọ́n á pa á, wọ́n á sì máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. BP wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá jẹ́ 168/96. Ṣé áàpù kan wà tó dáa ju èyí lọ, tí wọn ò ní lè pa? Mo fi fọ́tò àkọsílẹ̀ áàpù náà ránṣẹ́ sí yín, ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko, láti Sátidé tí mo gbé oògùn dé.

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, kò sí áàpù tí bàbá ẹni ò lè pa. Bí wọn ò bá rí ibi tí wọ́n á ti pa áàpù, wọ́n á pa fóònù. Bàbá kan tí mo ń ta oògùn fún níbí ní Kubwa gbé tiwọn sínú àpò ìrẹsì, wọ́n sì so ẹnu àpò náà. Ìgbà tí ìyàwó wọn lọ bu ìrẹsì lálẹ́ ni wọ́n gbọ́ tí nǹkan ń ké nínú àpò, ni wọ́n bá figbe ta. Gbogbo àdúgbò ló jáde.

Fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ yẹn ló mú kí n jókòó ti ọ̀rọ̀ rẹ. Àwọn tó sábà máa ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń mú wá ni pé “wọn kì í lo oògùn wọn.” Ìwọ ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ síta, mo mú bírò pupa, mo fa ìlà sí gbogbo ọjọ́ tó ṣófo, oògùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Amlodipine: ó pé, àfi ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n àti ọgbọ̀njọ́. Moduretic: ó ṣófo ní ọjọ́ keje, ìkẹrìnlá, ìkọkànlélógún àti ìkejìdínlọ́gbọ̀n. Metformin àárọ̀ pé pérépéré. Ti alẹ́, 11 péré nínú 30.

Sátidé lo gbé oògùn dé, àbí? Ka ọjọ́ keje láti Sátidé. Jímọ̀ ni. Ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí Moduretic ṣófo, Jímọ̀ ni gbogbo wọn.

Ẹni tó ń gbàgbé kì í gbàgbé báyìí. Ìgbàgbé ò mọ Jímọ̀ yàtọ̀ sí Túsìdeè. Ohun tí mo rí nínú ìwé yìí ni bàbá kan tí orí wọn pé, tí wọ́n mọ oògùn tí wọ́n fẹ́ lò àti èyí tí wọ́n fẹ́ fò, àti ìgbà tí wọ́n fẹ́ fò ó. Álààmù wà fún ẹni tó gbàgbé. Bí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fò ó bá gbọ́ ọ, kò sí ohun tí á rán an létí ju pé ọmọ òun ń ṣọ́ òun lọ.

Jẹ́ ká mú Jímọ̀ ná. Moduretic ni àwọn èèyàn wa ń pè ní oògùn ìtọ̀. Amiloride àti hydrochlorothiazide ló wà nínú ẹ̀. Kíndìnrín ló ń sún kó da iyọ̀ àti omi tó pọ̀ jù síta, ibẹ̀ ni BP ti ń wálẹ̀. Béèyàn bá gbé e mì, ó máa ń tó wákàtí méjì kí ìtọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀, ó máa ń le jù ní nǹkan bíi wákàtí kẹrin, ó sì lè wà lára fún wákàtí mẹ́fà sí méjìlá. Wá ṣírò ẹ̀ bó o ṣe ṣètò ẹ̀ fún wọn. Aago méje ni álààmù ń ké. Aago mọ́kànlá, nígbà tí bàbá ń wẹ̀, tí wọ́n ń múra Jímọ̀, ìgbà yẹn gan-an ni oògùn wà lẹ́nu iṣẹ́ jù. Wọ́n ṣe àlùwàlá tán, wọ́n dé ẹnu géètì mọ́ṣáláṣí, ìtọ̀ dé. Wọ́n padà lọ tún àlùwàlá ṣe. Wọ́n ti wá jókòó láàárín èrò, lèmọ́ọ̀mù ò tíì dé ìdajì kútúbà, wọ́n tún ń wá ibi tí wọ́n á gbà kọjá lórí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn. Àgbàlagbà ọkùnrin ò ní jókòó kó máa ro irú èyí fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Wọ́n á kàn pa álààmù ni, wọ́n á ní kò sí nǹkan.

Mi ò sí ní yàrá wọn o, mo lè ṣì í. Àbúrò rẹ ọkùnrin ni kó béèrè, kì í ṣe ìwọ, kó má sì jẹ́ níwájú ẹlòmíràn. Kó má sọ pé “kí ló dé tẹ́ ẹ kì í lo oògùn yín?” Ìyẹn ti di ẹjọ́. Kó ní: “Bàbá, oògùn ìtọ̀ yìí, ṣé kì í dà yín láàmú lọ́jọ́ Jímọ̀?” Kó wá panu mọ́. Tó bá jẹ́ bí mo ṣe rò ni, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wá tú u sílẹ̀ fún un.

Bó bá sì rí bẹ́ẹ̀, wọ́n lè lo Moduretic lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ní nǹkan bíi aago márùn-ún ààbọ̀. Kó tó di aago mọ́kànlá, èyí tó le jù nínú ẹ̀ á ti kọjá. Wákàtí kan ààbọ̀ tí wọ́n fi ṣáájú yìí ò ní pa wọ́n lára. Alẹ́ ni mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ sún un sí: àgbàlagbà tó ń dìde lẹ́ẹ̀mẹta lóru, tí NEPA ti mú iná lọ, ìṣubú ni wọ́n ń wá. Ẹ̀gbẹ́ kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ Moduretic tí mo fẹ́ kí o gbé dé ọ̀dọ̀ dókítà wọn. Hydrochlorothiazide máa ń gbé ṣúgà sókè díẹ̀ lára àwọn kan, 50 mg ló sì wà nínú hóró Moduretic kan. Fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ó yẹ kí dókítà tún un wò bóyá ìwọ̀n yẹn ṣì ni kí wọ́n wà lórí ẹ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Ó dáa, àkíyèsí kan nìyẹn tó o lè má tíì ṣe: bàbá rẹ ti ní álààmù márùn-ún lójúmọ́ tí wọn kì í pa. Láti kékeré ni wọ́n ti ń dìde fún un. Àsùbáà kì í bá wọn lójú oorun, Màgàríbì kì í bá wọn níta. Kí ló dé tí a fi ń wá agogo tuntun lẹ́bàá èyí tí ara wọn ti mọ̀ fún àádọ́rin ọdún? Bó bá jẹ́ Kìrìstẹ́nì ni wọ́n, mi ò bá ní kó o so ó mọ́ àdúrà ìdílé, tàbí tíì àárọ̀, tàbí ìròyìn rédíò. Ohunkóhun tí wọ́n ti ń ṣe lójoojúmọ́ kó o tó ra fóònù náà.

Ti metformin alẹ́ ni èyí bá mu jù. O fi álààmù sí aago mẹ́sàn-án. Bàbá tó kírun Màgàríbì, tí wọ́n jẹun ní aago méje tàbí méje ààbọ̀, tí wọ́n kírun Ìṣáì, aago mẹ́sàn-án ti bá wọn lórí ibùsùn. Inú ti ń ṣófo bọ̀. Metformin sì jẹ́ oògùn tí a máa ń lò mọ́ oúnjẹ, torí pé bó bá bọ́ sínú tó ṣófo, ó máa ń ru inú sókè: inú á máa kùn, ìgbẹ́ gbuuru lè dé, èébì lè máa gbé wọn. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀ bí ìgbà mélòó kan ní aago mẹ́sàn-án, kí oru ọjọ́ náà má dùn. Jẹ́ kí àbúrò rẹ gbé hóró kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ oúnjẹ alẹ́, kó wà níbẹ̀ bí omi ṣe ń wà níbẹ̀. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ṣì ń dà wọ́n láàmú, irú èyí tó ń tú díẹ̀díẹ̀ wà, ó rọ inú lọ́rùn ju èyí tí gbogbo èèyàn ń lò lọ. Ẹ bi dókítà.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n àti ọgbọ̀njọ́ tí amlodipine ṣófo, má bínú o, ẹjọ́ rẹ ni. Gbé páálí tó ò ń rà wò: káàdì méjì, hóró 14 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 28. Láti Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kan dé Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kejì, nígbà míì ọjọ́ 28 ni, kò sí wàhálà. Nígbà míì ọjọ́ 35 ni. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko nìyẹn tí bàbá ò ní hóró amlodipine kan nílé, tí áàpù rẹ sì ń ké láràárọ̀ pé kí wọ́n lo oògùn tí kò sí. Fọ́tò rẹ tán ní ọgbọ̀njọ́, àmọ́ mo mọ ohun tó wà ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n sí ìkarùndínlógójì. Ó ń tó ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún tí irú oṣù bẹ́ẹ̀ ń bọ́ sí. Amlodipine máa ń pẹ́ lára, ọjọ́ kan ṣoṣo téèyàn fò kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan á hàn lójú ẹ̀rọ BP. Ọ̀sẹ̀ wo lẹ ka 168/96 yẹn? Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí oògùn tán ni, o ti rí ibi tó ti wá.

Bó bá jẹ́ álààmù kan ṣoṣo ni mo ní kó o ṣe nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, orí fóònù tìrẹ ni mo fẹ́ kó wà: ọjọ́ kọkànlélógún lẹ́yìn tó o bá gbé oògùn dé, kó ké pé “oògùn Bàbá ku ọ̀sẹ̀ kan.” Ra káàdì kan sí i, kó wà nílé fún ìgbà tí reluwé ò bá ṣeé wọ̀ tàbí tí owó oṣù bá pẹ́. Mo mọ̀ pé oògùn ti gbówó lórí. Mò ń tà á, ojú ń ti èmi náà láti dárúkọ iye tí àwọn kan jẹ́ nísinsìnyí. Bí owó bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, jẹ́ kí apòògùn yín mọ̀. Amlodipine tí orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá ò sí lára páálí ẹ̀, tó ní nọ́ńbà NAFDAC tó péye, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Wàyí o, ṣé ìránnilétí orí fóònù wúlò rárá? Ó wúlò, àmọ́ kì í ṣe bí àwọn tó ń ta áàpù ṣe ń sọ ọ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo ti kà lórí ẹ̀ wá láti Kenya. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nọ́ọ̀sì máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń lo oògùn HIV, ọ̀rọ̀ kan péré: “Mambo?” Bí ìgbà tí a bá ní “Ṣé dáadáa ni?” ni ó ṣe rí ní Kiswahili. Ẹni náà á dáhùn “Sawa,” dáadáa ni, tàbí “Shida,” wàhálà wà. Ẹni tó bá ní wàhálà wà, àti ẹni tí ọjọ́ méjì kọjá tí kò dáhùn, nọ́ọ̀sì á pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èèyàn 538 ló wà nínú ìwádìí náà, wọ́n sì tẹ àbájáde ẹ̀ jáde ní 2010. Nínú àwọn tí wọ́n ń kí báyìí, 62 nínú 100 ló ń lo oògùn wọn déédéé. Nínú àwọn tí wọn ò kí, 50. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kòkòrò náà ti rọlẹ̀ dáadáa lára 57 nínú 100 àwọn tí wọ́n ń kí, àti lára 48 nínú 100 àwọn tó kù.

Wo àtẹ̀jíṣẹ́ náà dáadáa. Kò dárúkọ oògùn. Kò dárúkọ àrùn. Bí ìyàwó ilé tàbí àna bá ká a mọ́ orí fóònù, ìkíni lásán ló rí. Ó sì jẹ́ ìbéèrè, ẹnì kan wà tó ń retí ìdáhùn. Ìwádìí mìíràn láti Kenya náà, tó jáde ní 2011, fi àtẹ̀jíṣẹ́ ojoojúmọ́ wé ti ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nínú àwọn tó ń gba ti ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, 53 nínú 100 ló lo ó kéré tán 90 nínú 100 oògùn wọn. Nínú àwọn tí kò gba ohunkóhun, 40. Àwọn tó ń gba ti ojoojúmọ́ ńkọ́? Kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn àti àwọn tí kò gba nǹkan kan. Ohun tó bá ń ké lójoojúmọ́ ti di ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, etí á mọ́ ọn lára.

Ní Cape Town, wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọdún kan, èèyàn 1,372 ló wà nínú ìwádìí náà; nọ́ńbà òkè BP wọn fi nǹkan bíi méjì péré wálẹ̀ ju ti àwọn tó kù lọ. Méjì. Ní Amẹ́ríkà, ní 2017, wọ́n pín àpótí oògùn, ìdérí oníaago àti irinṣẹ́ mìíràn tó ń ránni létí fún àwọn kan lára àwọn èèyàn tó lé ní 53,000, wọn ò sì rí ìyàtọ̀ kankan sí àwọn tí wọn ò fún. Mi ò sọ èyí kó o lè ju fóònù nù. Mo sọ ọ́ nítorí mo rò pé ohun tó ṣiṣẹ́ jù nínú ìwádìí “Mambo?” yẹn ni nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn àtẹ̀jíṣẹ́ náà.

Ìwọ náà lè ṣe ti Kenya yìí láti Lugbe láìná kọ́bọ̀. Gbogbo alẹ́ Àìkú, fi ohùn ránṣẹ́ sí Bàbá lórí WhatsApp. Má ṣe tẹ̀ ẹ́, sọ ọ́ lẹ́nu. Bi wọ́n pé báwo ni ọ̀sẹ̀ yìí ṣe lọ, ṣé kò sí ohun tó ń dà wọ́n láàmú. Dúró gba ìdáhùn. Tó bá di ọ̀sán Túsìdeè tí wọn ò tíì dáhùn, pè wọ́n. Èdè tó bá yá wọn lẹ́nu ni kó o fi ṣe é. Àwọn àgbà wa míì ní Kaduna àti Kano wà tí Hausa ti dùn mọ́ wọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, pàápàá bí ọ̀rọ̀ bá kan àìlera. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí mi tó kọ́ mi lọ́gbọ́n. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo sanwó fún àwọn kan kí wọ́n máa bá mi fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìránnilétí ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn oníbàárà mi lẹ́ẹ̀kan náà, láràárọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀mọ̀wé. Lẹ́yìn oṣù kan ni mo wá mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ni kò rí i gbà rárá. Wọ́n ti fi STOP ránṣẹ́ sí nọ́ńbà 2442, ìlànà tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣe kí ìpolówó àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì yéé da èèyàn láàmú, àtẹ̀jíṣẹ́ tèmi náà sì bá ìpolówó lọ. (Ẹni tó bá fẹ́ kí irú ẹ̀ máa wọlé padà lè fi ALLOW ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kan náà. Èyí tó o bá fi láìnì tìrẹ tẹ̀ kò sí lára ohun tí wọ́n ń dá dúró.) Ìyá kan tí kò mọ̀wé kà rò pé gbèsè káàdì ni wọ́n fẹ́ yọ, wọ́n ń pa á rẹ́ láràárọ̀. Ọkùnrin kan pè mí láti Keffi, ó ń bínú: èwo ni oògùn tí mo ní kóun lò? Oníbàárà mi ti jẹ́ kí síìmù náà kú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti tà á fún ẹlòmíràn. Mo dúpẹ́ pé mi ò kọ orúkọ oògùn síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, èmi àti ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ la máa ń pe èèyàn, bíi mẹ́wàá lójúmọ́, àwọn tí oògùn wọn ń tán lọ.

Áàpù lo béèrè, n kò tíì dáhùn. Aago tó wà nínú fóònù náà láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti tó fún Bàbá. Kò nílò dátà. Ọ̀pọ̀ fóònù Android ló sì máa ń pa áàpù tí ẹnikẹ́ni ò ṣí fúngbà díẹ̀, kí bátìrì má bàa tètè tán, nítorí náà áàpù oògùn lè ṣíwọ́ kíké láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ lò ó, kí àbúrò rẹ wọ inú ètò bátìrì kó yọ áàpù náà kúrò lára àwọn tí fóònù ń pa. Fún àwọn tí òbí wọn ń lo fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì: bí bátìrì ẹ̀ bá kú pátápátá, tàbí tí wọ́n bá yọ ọ́, aago inú ẹ̀ lè padà sí òdo, álààmù aago méje á wá máa ké ní ọ̀gànjọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo aago kẹ́ ẹ tó bá àgbà wí.

Aago inú fóònù yẹn máa ń gbà kéèyàn fi ohùn tó gbà sílẹ̀ ṣe ohùn álààmù. Ìwọ lọ́mọ, àbí? Gba ohùn ọmọ rẹ sílẹ̀, kó má ju gbólóhùn méjì lọ: “Bàbá àgbà, ẹ kú oúnjẹ alẹ́ o. Hóró funfun yẹn ń dúró dè yín.” Fi sí aago méje ààbọ̀. Obìnrin kan ní Mararaba ṣe é fún ìyá rẹ̀. Ó ní ìyá náà kì í pa á, wọ́n máa ń dá a lóhùn. Wọ́n á ní “mo ti gbọ́, ọkọ mi,” wọ́n á wá na ọwọ́ sí ife omi. Bí ó bá tó oṣù mẹ́ta, ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ kó má di ariwo.

Má tíì yọ áàpù náà. Pa ariwo ẹ̀, kó o jẹ́ kí àkọsílẹ̀ ẹ̀ wà fún oṣù méjì sí i. Bí títẹ̀ fóònù bá sú Bàbá, kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri yàrá wọn náà á ṣe é, èyí tí wọ́n fi ṣe ìrántí òkú tàbí tí ẹgbẹ́ kan tẹ̀. So bírò mọ́ ọn. Kí wọ́n máa fa ìlà kan fún àárọ̀, ìlà kan fún alẹ́.

Ẹ ra àpótí oògùn tó ní ojúlé fún ọjọ́ méje, àárọ̀ àti alẹ́. Bí wọn ò bá rántí bóyá wọ́n ti lò ó, ojúlé ọjọ́ náà á sọ. Láìsí àpótí, álààmù tó ń ké lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè mú kí èèyàn lo oògùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Metformin nìkan kì í sábà já ṣúgà wálẹ̀ jù, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi glimepiride tàbí insulin, àwọn oògùn ṣúgà mìíràn, kún un lọ́jọ́ iwájú, lílò ó lẹ́ẹ̀mejì léwu: òógùn tútù, ara gbígbọ̀n, ojú ṣíṣú, wọ́n sì lè ṣubú lulẹ̀. Èyí tí wọ́n bá gbàgbé lánàá, kí wọ́n má fi kún tòní.

Ní ti ààwẹ̀ Ràmàdánì, ẹ lọ rí dókítà kó tó ku oṣù kan, kó sọ bóyá wọ́n lè gbààwẹ̀ rárá, kó sì pín oògùn náà sí sààrì àti ìṣínu. Kẹ́ ẹ sì yí álààmù padà kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Álààmù tó ń ké ní aago méje àárọ̀ fún ẹni tó wà lẹ́nu ààwẹ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko ni wọ́n á fi máa pa á. Títí ọdún á fi dé, ọwọ́ ti mọ́ pípa á lára.

Bó o bá dé Kaduna lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, wá àyè kó o ka hóró metformin tó ṣẹ́kù. Bí 60 lo gbé lọ, áàpù ní wọ́n ti lo 30 láàárọ̀ àti 11 lálẹ́ títí di ọgbọ̀njọ́. 19 ló yẹ kó kù lọ́jọ́ náà. Yọ iye tí wọ́n ti lò láti ìgbà náà. Bí èyí tó kù bá ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ láìlò ó, ọ̀rọ̀ mìíràn ti wà nínú ẹ̀ nìyẹn; má bá wọn jà, kọ̀wé sí mi. Bi wọ́n pẹ̀lú bóyá wọ́n ń lo diclofenac tàbí ibuprofen fún orúnkún, nítorí àwọn yẹn máa ń gbé BP sókè, kò sì sí àgbàlagbà tó ń kà wọ́n kún oògùn. Bí iye hóró bá ṣe déédéé, tí wọ́n ti lo amlodipine fún ọ̀sẹ̀ méjì láìfo ọjọ́ kan, tí òkè BP ṣì ju 160 lọ, mú àkọsílẹ̀ yẹn dání lọ bá dókítà, kó o fi hàn án pé oògùn ń wọlé, kó wá tún ìwọ̀n ẹ̀ wò.